Fóònù Aago Méjì Òru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Owó Ófàtáìmù Àwọn Tó Ń Tún Àpátímẹ́ǹtì Ṣe ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti mọ páìpù àti wáyà láti ilé kì í pẹ́ rí iṣẹ́ àtúnṣe ilé ní Houston, Dallas tàbí Baltimore. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í là yé e lọ́jọ́ tó ń fọwọ́ síwèé ni ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, tí yóò máa dún títí Jímọ̀ mìíràn á fi dé. On-call ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ kiri. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Àwọn ohun tí àwọn ará wa máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn àti níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo kó jọ síbí, kí n má baà máa sọ ọ́ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan mọ́.

Kí ni òfin tiẹ̀ sọ nípa ófàtáìmù?

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Fair Labor Standards Act, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ní 1938. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan, gbogbo wákàtí tó lé ni kí wọ́n san ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bí wákàtí yín bá jẹ́ dọ́là 20, láti orí wákàtí kọkànlélógójì ó di dọ́là 30.

Ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra ni ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ wa jẹ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni wọ́n máa ń sanwó. Bí ẹ bá ṣe wákàtí 52 lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ ṣe 28 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá á ní, "Ṣebí 80 náà ni, kò sí ófàtáìmù níbẹ̀." Irọ́ ni. Ófàtáìmù wákàtí 12 ló jẹ yín.

Òfin iṣẹ́ ilé wa ní Nàìjíríà náà dárúkọ ófàtáìmù, àmọ́ ó fi iye wákàtí sílẹ̀ fún àdéhùn. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí a fi máa ń dé ibí tán tí a ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá fún owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wa.

Gbogbo wákàtí tí fóònù fi wà lọ́wọ́ mi, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ ná owó lọ́yà kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílé ẹjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ méje kan wà ní ilé iṣẹ́ ẹran ní Fort Worth, ní Texas, tí wọ́n ń tọ́jú ohun èlò panápaná lọ́sàn-án. Lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àtààbọ̀ sí mẹ́rin lọ́sẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà tàbí níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ bí aago iná bá dún. Wọ́n lè sùn, wọ́n lè ta ayò. Ní oṣù Kejìlá 1944, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Skidmore, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò sí òfin tó sọ pé ìdúró ò lè jẹ́ iṣẹ́; bí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí ni kí wọ́n wò. Látinú ẹjọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ títí dòní: ṣé wọ́n gbà yín kí ẹ máa dúró ni, àbí ẹ kàn ń dúró kí wọ́n lè pè yín?

Ìlànà ìjọba lórí rẹ̀ yé èèyàn dáadáa. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró sínú ọgbà, tàbí kí ẹ sún mọ́ ọn débi pé ẹ ò lè fi àkókò náà ṣe nǹkan ti ara yín, iṣẹ́ ni. Bí ẹ bá lè wà nílé yín, tàbí ní ọjà, tí ẹ kàn gbọ́dọ̀ gbé fóònù bó bá dún, kì í ṣe iṣẹ́.

Láàárín méjèèjì yìí ni ìjà máa ń wà. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń ṣàkóso Texas, Louisiana àti Mississippi gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ní Houston níbí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tó fi wà lórí ìpè ní gbogbo wákàtí tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ mutí yó, ó sì gbọ́dọ̀ lè dé ilé ìwòsàn láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ó pàdánù. Wọ́n ní ó lè wo tẹlifíṣọ̀n, ó lè lọ ra nǹkan, ilé ara rẹ̀ ló wà. Lọ́dún kan náà, ní Kansas, àwọn panápaná ìlú Emporia gbé irú ẹjọ́ yìí lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni tiwọn náà. Àmọ́ ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń pè wọ́n láàárín wákàtí 24. Àwọn ló jàre.

Nítorí náà, ẹ má fi ogún ìṣẹ́jú nìkan ṣe òdiwọ̀n. Ìgbà mélòó ni wọ́n ń pè yín lóru kan? Ṣé ẹ lè bá ẹlẹgbẹ́ yín ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀sẹ̀? Ṣé ẹ lè lọ sí ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ ní ìkangun ìlú kejì? Bí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀kan lóru mẹ́ta, ẹ gbàgbé owó ìdúró. Bí ó bá ń dún ní wákàtí méjìméjì ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kú bí adìyẹ inú àrùn, tí ẹ kì í rí oorun wákàtí mẹ́ta sùn pọ̀, ẹ wá lọ́yà.

Bí wọ́n bá pè mí tí mo sì jáde lọ ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Gbogbo ìṣẹ́jú ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà.

Aago méjì òru. Obìnrin kan ní yàrá ìsàlẹ̀ ní omi ń kán láti àjà. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ rí i pé ẹ̀rọ amómigbóná òkè ló ti bẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé náà pa, ewéko ti bò ó, ẹ fi iná fóònù wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ti omi. Ẹ fi ẹ̀rọ fa omi kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ẹ̀rọ agbẹ́nǹkan kalẹ̀. Ẹ wá jókòó sínú mọ́tò fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, ẹ ń dúró de ẹni tí máníjà ní òun ti pè wá. Wíwá, títì, fífà, àti àádọ́ta ìṣẹ́jú inú mọ́tò yẹn, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ò lè lọ sùn, ọ̀gá ló ní kí ẹ dúró níbẹ̀.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú yìí ni mo rí i pé àwọn èèyàn kì í kọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ "wákàtí kan" nígbà tó jẹ́ wákàtí méjì àtààbọ̀, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti gba owó lórí ìjókòó.

Ìrìn láti ilé mi dé ọgbà iṣẹ́ lóru, ṣé wọ́n máa san án?

Ó ṣòro díẹ̀. Ìrìn ojoojúmọ́ láti ilé sí ibi iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín jáde lálẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé, tí ẹ rin ọ̀nà tó jìnnà lọ ṣe iṣẹ́ pàjáwìrì lọ́dọ̀ oníbàárà ọ̀gá yín, ìlànà ní iṣẹ́ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọgbà tí ẹ ti máa ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n pè yín padà sí, ìlànà náà dákẹ́, kò gbè sápá kan. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó gba fóònù, kí ìdáhùn sì wà nínú ìwé. Tó bá jẹ́ pé ọgbà méjì tàbí mẹ́ta lẹ ń bójú tó, ìrìn láti ọ̀kan sí èkejì lẹ́nu iṣẹ́ ọjọ́ jẹ́ iṣẹ́ láìsí tàbí-ṣùgbọ́n.

Lórí fóònù ni mo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, mi ò jáde.

Iṣẹ́ náà ni. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kọ́ bàbá àgbàlagbà kan bó ṣe máa tún bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìlọdọ̀tí tẹ̀ lábẹ́ síǹkì, ẹ ti ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ilé ẹjọ́ lè fojú fo ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó ṣèèṣì wọlé, ṣùgbọ́n kì í fojú fo èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́.

Wọ́n ń fún mi ní owó pàtó fún ọ̀sẹ̀ on-call. Ṣé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun ló gba owó lápò èmi fúnra mi. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, máa ń sọ pé, "Dọ́là 115 lọ́sẹ̀, wọ́n pè ọ́ o, wọn ò pè ọ́ o." Ó dùn mọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá pè mí, mo rò pé mo ti rẹ́ ọ̀gá jẹ ni.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó pàtó tí wọ́n ń san láìwo iye wákàtí kò lè dúró fún ófàtáìmù. Owó náà gan-an tún gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò iye tí wákàtí yín tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Wákàtí jẹ́ dọ́là 20. Mo ṣe 40 lọ́sàn-án, mo tún ṣe 6 lóru. Wákàtí 46 lọ́nà dọ́là 20 jẹ́ 920. Ẹ fi 115 lé e, ó di 1,035. Ẹ pín in sí 46, wákàtí kan di dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 50. Inú 1,035 yẹn ni owó odidi wákàtí mẹ́fà tó lé ti wà, ìdajì ló kù. Ìdajì ìyẹn, dọ́là 11 àti sẹ́ǹtì 25, ni wọ́n máa fi kún wákàtí mẹ́fà tó lé: dọ́là 67 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ jẹ́ dọ́là 1,102 àti ààbọ̀.

Èló ni wọ́n san fún mi? 800 àti 115. Dọ́là 915. Dọ́là 187 àti ààbọ̀ ló sọnù lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń gbé fóònù lọ́sẹ̀ kan nínú oṣù kan, irú owó yẹn á di 4,500 láàárín ọdún méjì.

Owó oṣù ni mo ń gbà, kì í ṣe owó wákàtí. Wọ́n ní ófàtáìmù ò kàn mí.

Owó oṣù nìkan kò lè yọ yín kúrò lábẹ́ òfin. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán dọ́là 684 lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá lóòótọ́. Ìlànà sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn tó ń fi ọwọ́ àti agbára ṣiṣẹ́, ó dárúkọ púlọ́ńbà, oníṣẹ́ iná, káfíńtà, mẹkáníìkì, kò sí èyí tí a lè yọ, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó.

Kí wọ́n kọ "Maintenance Supervisor", ìyẹn ọ̀gá àwọn alátùúnṣe, sí àyà ẹ̀wù yín kò yí i padà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ ń dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ síǹkì, tí kò sí ẹni tí ẹ ń darí, oyè ẹnu lásán ni.

Inú ọgbà náà ni mò ń gbé, wọn ò gba owó ilé lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá ń gbé níbi iṣẹ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá wà nínú ilé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń tọ́ ọmọ. Òfin gba kí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ ṣe àdéhùn tó bọ́gbọ́n mu lórí wákàtí. Àmọ́ àdéhùn tó ní wákàtí 10 ni, nígbà tí ẹ ń ṣe 25, kò bọ́gbọ́n mu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bí ilé náà bá jẹ́ ara owó iṣẹ́ yín, iye rẹ̀ máa ń wọnú ìṣirò wákàtí, bíi ti dọ́là 115 mi yẹn. Ófàtáìmù yín á lé sí i ni, kò ní dín.

Ìmọ̀ràn tèmi tí kò sí nínú òfin: ẹ má jẹ́ kí àwọn ayálégbé mọ yàrá yín. Ilẹ̀kùn lásán ni wọ́n máa máa kàn, ìyẹn kì í sì í fi àmì sílẹ̀ lórí fóònù.

Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dípò owó.

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò lè ṣe é. Bó bá fẹ́ kí ẹ sinmi, inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni kó ti jẹ́, kí wákàtí yín má baà kọjá 40.

Wọ́n ní n kò gbàṣẹ kí n tó ṣe ófàtáìmù.

Bí ọ̀gá bá mọ̀, tàbí ó yẹ kó mọ̀, tó sì jẹ́ kí ẹ ṣe é, ó gbọ́dọ̀ san án. Ó lè bá yín wí. Kò lè fi owó náà du yín. Bó bá jẹ́ pé òun ló gbé fóònù lé yín lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa ní òun ò mọ̀?

1099, ìwé owó orí tí wọ́n ń fún agbaṣẹ́ṣe, ni wọ́n fún mi, wọ́n ní mo dá dúró, n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ẹ gbàgbé ìwé. Ta ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa dé? Ta ló ni irinṣẹ́? Ṣé ẹ lè kọ iṣẹ́ kan kí ẹ sì lọ bá ọgbà mìíràn? Bí ọ̀gá bá ń pàṣẹ ohun gbogbo, òṣìṣẹ́ lẹ jẹ́, ófàtáìmù sì kàn yín.

N kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́. Ọ̀gá ni òfin ní kó máa kọ wákàtí sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ní 1946, nínú ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkòkò ní Mount Clemens, ní Michigan, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí àkọsílẹ̀ ọ̀gá kò bá péye, òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rí tó mọ́gbọ́n dání fojú díwọ̀n iye wákàtí rẹ̀, ọ̀gá ló sì máa wá já a.

Ẹ̀rí wà lára fóònù yín: àkókò tí ìpè wọlé, fọ́tò páìpù tó bẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ sí máníjà. Bí èèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran. Ní oṣù Kejì 2021, nígbà tí òtútù dì mú Texas tí páìpù sì ń bẹ́ láti ilé dé ilé, mo fi ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú sínú àpò ẹ̀wù mi. Mo kọ déètì, nọ́ńbà yàrá, aago tí wọ́n pè, aago tí mo parí, ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi tutù débi pé ìkọ̀wé náà dà bíi ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi sì gbá inki ojú ìwé méjì lọ. Ìwé yẹn ni lọ́yà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Kò tiẹ̀ wo ìwé owó oṣù mi.

Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù tí iṣẹ́ fún yín o. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró, ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbà á.

Ọdún mélòó sẹ́yìn ni mo lè béèrè?

Ọdún méjì lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Mẹ́ta bí ó bá hàn pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọ̀gá tún lè san iye kan náà lé e gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú, kí 4,500 yẹn di 9,000, kó sì san owó lọ́yà yín. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ń rò ó, ọ̀sẹ̀ kan ń bọ́ sọ́nù lẹ́yìn.

Ìpínlẹ̀ kì í rí bákan náà. New York fún yín ní ọdún mẹ́fà. Ní Maryland, ọdún mẹ́ta ni. California ń ka ófàtáìmù lójoojúmọ́, lẹ́yìn wákàtí 8, ó sì di ìlọ́po méjì lẹ́yìn wákàtí 12. Texas níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ la gbára lé.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé wọn ò ní lé mi? Ìwé mi ò sì tíì pé.

Òfin kọ̀ fún ọ̀gá láti lé yín tàbí dín wákàtí yín kù nítorí pé ẹ ráhùn. Láti 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní ìráhùn ẹnu lásán náà wà lábẹ́ ààbò yìí. Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Èèyàn máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu nígbà tí kò bá fẹ́ rántí rẹ̀.

Ní ti ìwé, owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán jẹ́ tiyín, bó ti wù kí ìwé yín rí. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ pé wọn ò gba owó orí lórí ófàtáìmù mọ́.

Apá kan ni. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2025 jẹ́ kí ẹ yọ apá "ààbọ̀" yẹn kúrò nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí ìjọba àpapọ̀ lé, láti 2025 sí 2028, tí kò gbọdọ̀ ju dọ́là 12,500 lọ lọ́dún fún ẹnì kan. Nínú dọ́là 30 ófàtáìmù, dọ́là 10 péré ló kàn. Owó Social Security, tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì, ṣì ń lọ. Bí wọn ò bá sì kọ ófàtáìmù yín sínú ìwé owó, kí lẹ máa yọ?

Ta ni mo máa pè?

Wage and Hour Division, ẹ̀ka tó ń rí sí owó iṣẹ́ àti wákàtí lábẹ́ Department of Labor, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Nọ́ńbà wọn ni 1-866-487-9243. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sì í sọ orúkọ ẹni tó fi ẹjọ́ sùn fún ọ̀gá. Wọ́n ní ògbufọ̀ fún èdè tó ju 200 lọ, nítorí náà bí òyìnbó yín bá ń há lẹ́nu nígbà tí inú bá ń bí yín, ẹ béèrè ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Wọ́n máa béèrè orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì ọgbà, orúkọ máníjà, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń sanwó fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìwé inú àpò yẹn wà nítòsí kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà náà.